Wọn kò jẹ́ kí Choi Dong-won kùnà nílé

Ní gbogbo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ni àwòrán kan náà máa ń gba ojú ìwé àwa tí a fẹ́ràn bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Kòríà: ère Choi Dong-won, ajubọ́ọ̀lù (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń fi igi gbá a) tó kú ní ọjọ́ náà, níwájú pápá Sajik ní ìlú Busan, òdòdó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n ń tẹrí ba fún un. Mo tún rí i, inú sì tún bí mi. Àwọn àgbà ti wí pé ìgbà tí a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí òwe náà ti ṣẹ gbangba tó báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé eré náà kò nílò kí n sọ ọdún 1984 fún yín. Lotte Giants, ikọ̀ ìlú Busan tí ilé iṣẹ́ Lotte ni, pàdé Samsung Lions nínú àṣekágbá tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò gba ife. Nínú gbogbo ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Lotte borí, Choi ni ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n kọ ìṣẹ́gun náà sí lórúkọ, òun náà ló tún ju bọ́ọ̀lù nínú ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n pàdánù, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Lóde òní, ajubọ́ọ̀lù tó bá bẹ̀rẹ̀ eré kan a sinmi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Apá kan ṣoṣo yẹn ló gba ife àkọ́kọ́ fún Lotte.

Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ọdún 1988. Kim Dae-hyun, ajubọ́ọ̀lù Haitai Tigers, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún náà, àwọn eléré sì wá rí i bí ọwọ́ ìdílé ẹni tó kú ṣe máa ń ṣófo tó. Choi wà lára àwọn tí owó wọn pọ̀ jù lọ nínú líìgì, kò sí ohun tí ì bá fi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe, síbẹ̀ òun ló ṣáájú àwọn tó fẹ́ dá a sílẹ̀, nítorí àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Àwọn tó ni àwọn ikọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, Lotte ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Kim Si-jin, ajubọ́ọ̀lù Samsung, àní Samsung kan náà tí Choi bá Lotte ṣẹ́gun ní 1984. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ eré lásán ni, pé ó ti rẹ apá rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ta ló lò ó tán? Ní ọdún 1990 ó fẹ̀yìn tì, ó sì di ọdún 2000 kí àwọn eléré tó rí ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀.

Nígbà tó padà wá gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, Hanwha Eagles ní Daejeon ló gbà á. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Ryu Hyun-jin dé láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2006, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ eléré tuntun àti ti eléré tó pegedé jù lọ lọ́dún kan náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní Kòríà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe olórí ikọ̀ kejì Hanwha. Kò wọ aṣọ Lotte gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá títí ó fi kú.

Ẹ fi wé Sun Dong-yol, ajubọ́ọ̀lù Haitai, tí òun àti Choi jọ ju bọ́ọ̀lù títí dé ìpele 15 (mẹ́sàn-án ni eré sábà máa ń ní) ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, Choi ju bọ́ọ̀lù 209, Sun ju 232, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọ̀mì. Sun di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà Samsung, ó gba ife ní 2005 àti 2006, ikọ̀ ìlú rẹ̀ sì pè é padà sílé. Kò ṣe dáadáa níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n fún un láyè láti kùnà. Bóyá Choi náà ì bá kùnà. Kì í ṣe gbogbo ajubọ́ọ̀lù ńlá ló mọ bí a ṣe ń darí ikọ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ìfun ló pa Choi ní 2011, ní ẹni ọdún 53, oṣù yẹn gan-an sì ni Lotte kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà 11 rẹ̀ mọ́. Ère náà dé ní 2013. Ẹni tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà Lotte lọ́dún yẹn ni Kim Si-jin, ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ǹ bá di gbogbo ẹ̀bi ru ilé iṣẹ́ yẹn, bí kì í bá ṣe ti ìbò ọdún 1991. Choi díje fún ipò aṣòfin ìlú ní Busan, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń tako ẹgbẹ́ Kim Young-sam, olóṣèlú tó wá di ààrẹ Kòríà lẹ́yìn náà, ní ìlú tí Kim Young-sam ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ, àwọn ará ìlú kò sì dìbò fún un tó kó wọlé. Àwọn ará Busan tó pariwo orúkọ rẹ̀ ní 1984 kọ́ ni? Bóyá Lotte ti mọ̀ wọ́n dáadáa ju bí èmi ṣe mọ̀ wọ́n lọ, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé àwọn aláṣẹ nìkan ló ni ẹ̀bi yìí.