Ọjọ́ 21 kọ́ ló ń sọ nǹkan di bárakú o

Ẹni tó kọ ọ́ pé téèyàn bá ti lo ọjọ́ 21 níbi ìsinmi ìlera, gbogbo ìwà tuntun ẹ̀ ti di bárakú nìyẹn, kò lè fi í sílẹ̀ mọ́ tó bá délé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Maxwell Maltz ni ọjọ́ 21 yẹn ti wá, dókítà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ìrísí ojú èèyàn ṣe ní Amẹ́ríkà, ohun tó sì kọ ní 1960 ni pé, ó kéré tán, ó máa ń tó ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ èèyàn lára. "Ó kéré tán" yẹn làwọn èèyàn gé dànù! Nígbà tí Phillippa Lally àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní University College London fi èèyàn 96 ṣèwádìí, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ìwà tuntun fi di bárakú, ẹlòmíì 18, ẹlòmíì wọ́n ṣírò tiẹ̀ dé 254.

Àti pé níbi ìsinmi yẹn, ẹlòmíì ló ń se oúnjẹ yín, aago ni wọ́n fi ń jí yín. Tẹ́ ẹ bá délé, àga tẹ́ ẹ máa ń sùn gbalaja sí tẹ́ ẹ fi ń tẹ fóònù di aago kan òru ṣì wà níbẹ̀, ó ń retí yín. Ìwà tuntun tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi tú ká.

Ìwà tuntun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ so ó mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi pé tẹ́ ẹ bá ti fọyín tán láàárọ̀, bàtà ló kàn, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10. Tẹ́ ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ ńkọ́? Ìwádìí yẹn náà ní kò ba nǹkan jẹ́, ẹ ṣáà tún wọ bàtà yín lọ́jọ́ kejì.