MinGW ni àbí MSVC?

Àrẹ̀mú_kọ́òdù: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi C++ àti Qt (àkójọ kóòdù tí a fi ń ṣe ojú áàpù) ṣe áàpù fún Windows. VS Code ti wà lórí ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ àṣẹ g++ láti sọ kóòdù mi di áàpù, terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) á ní "'g++' is not recognized". MinGW ni kí n lò ni àbí MSVC?

Àjọkẹ́: VS Code kì í ṣe kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ohun tó ń sọ kóòdù di áàpù, bíi MinGW àti MSVC ti Microsoft. Ibi tí a ti ń kọ kóòdù ni.

Bàbá_Linux: Lo Linux. Ó parí.

Ìṣọ̀lá_dev: Bàbá, Windows ló wí. Àrẹ̀mú, gba MSYS2 (òun la fi ń gba MinGW), ṣí terminal rẹ̀ tó ń jẹ́ UCRT64, tẹ pacman -S mingw-w64-ucrt-x86_64-gcc (pacman ló ń gba ètò sínú MSYS2). Fi C:\msys64\ucrt64\bin kún PATH (àkójọ ibi tí Windows ti ń wá àṣẹ), kí o pa terminal, kí o tún un ṣí. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí ò ní rí PATH tuntun.

Délé_MSVC: MinGW kẹ̀! Build Tools ti Microsoft ni kó gbà, kó mú "Desktop development with C++".

Ìṣọ̀lá_dev: Gígábáìtì rẹpẹtẹ, nítorí áàpù kékeré?

Délé_MSVC: Ó sàn ju kí oníbàárà máa pè ọ́ pé òun ò rí libstdc++-6.dll, fáìlì tí áàpù MinGW ń wá.

Ìṣọ̀lá_dev: Ṣebí -static wà, tó ń kó o sínú áàpù fúnra rẹ̀. Ṣé áàpù MSVC tìrẹ ò nílò àwọn fáìlì Visual C++ Redistributable lórí ẹ̀rọ oníbàárà ni?

Tólú: Ẹ ò ṣe lo Electron, tó ń fi kóòdù wẹ́ẹ̀bù ṣe áàpù?

Délé_MSVC: Èyí tó gbé odindi bíráúsà Chromium pọ̀n?

Tólú: Ẹ̀yìn rẹ kọ́ ló wà.

Kọ́lá: Ọmọ ọ̀hún mà wúwo ju ìyá lọ o 😂

Àjọkẹ́: VS CODE KÌ Í ṢE KỌ̀ǸPÁÍLÀ!

Ẹ̀gbọ́n_Ṣadé: Ẹ ti gbàgbé Qt. Qt tí wọ́n fi MSVC kọ́, MinGW ò lè lò ó. "Undefined reference" ni linker (tó ń so kóòdù pọ̀ di áàpù) á máa kà sílẹ̀. Kọ̀ǹpáílà tó bá mú, kó gba Qt tó bá a mu.

Délé_MSVC: Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn, MSVC!

Ìṣọ̀lá_dev: Ẹ̀gbọ́n ò sọ bẹ́ẹ̀! Qt wà fún MinGW náà. Pacman ní mingw-w64-ucrt-x86_64-qt6-base.

Àrẹ̀mú_kọ́òdù: g++ --version ti dáhùn o! Ṣùgbọ́n Qt ti MSVC ni mo ti gbà tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́?

Délé_MSVC: Ìṣọ̀lá, ṣé o rí i? Òun fúnra rẹ̀ ti yan MSVC.

Ìṣọ̀lá_dev: Kò yan nǹkan kan! Ó ṣèèṣì gbà á ni.

Bàbá_Linux: sudo apt install build-essential. Ó parí.