Ọwọ́ Aláìsàn Ni Kí Ẹ Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Lérò tèmi, ẹni tí yóò ṣe ẹ̀rọ tí aláìsàn kíndìnrín máa fi tọ́jú ara rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn náà, kí ó wo ọwọ́ àti ojú rẹ̀ dáadáa, kí ó tó fa ìlà kan ṣoṣo sórí ìwé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n ń gbé ní Peckham, ní ìlú London, ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Àtọ̀gbẹ ni ó ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n máa ń gbé àpò omi lítà 2 kọ́ sókè, tí omi náà yóò gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ikùn wọn, tí yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, tí yóò sì fa ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra kí wọ́n tó tú u jáde. Bí ó bá ti jáde tán, wọn a tẹ́ àpò náà lé orí ìwé ìròyìn láti wò ó bóyá lẹ́tà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣeé kà. Bí omi náà bá dà bí omidùn, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti wọ inú ikùn, ilé ìwòsàn ni ó sì kàn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mọ gbogbo èyí ṣe ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Ìdérí ike kékeré tí ó wà lẹ́nu rọ́bà náà ni ìṣòro wọn. Àtọ̀gbẹ yẹn kan náà ti mú kí ìka wọn máa kú, ó sì ti mú kí ojú wọn máa ṣe bàìbàì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ẹnu rọ́bà náà, nítorí kòkòrò. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ìdérí náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó yí lọ sábẹ́ àga. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n na ọwọ́ mú òmíràn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ náà lóru, bí ènìyàn bá sùn, fún wọn. Bí wọ́n bá ti yí ara lé rọ́bà, ẹ̀rọ náà á han gooro, á gbé nọ́ńbà kan jáde, wọn a sì dìde máa wá ìtumọ̀ nọ́ńbà náà nínú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí ẹyin èèrà. Kí ni ì bá dí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ láti fi ohùn sọ pé, "Ẹ sùn lé rọ́bà, ẹ yí ara padà"? Wọ́n dá a padà nígbẹ̀yìn.

Àwọn kan ń sọ pé irú ìtọ́jú báyìí ti ju agbára aláìsàn lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, ní ilé ìwòsàn Ryhov ní ìlú Jönköping, ní Sweden, Christian Farman, aláìsàn kíndìnrín kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà. Ó kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ ẹlòmíràn, títí ilé ìwòsàn náà fi ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún nọ́ọ̀sì ni ó kọ́ bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn bá lè mọ èyí tí a kò rò tirẹ̀ mọ́ lò, mélòó mélòó ni èyí tí a bá ṣe fún ọwọ́ rẹ̀ gan-an?

Àpò omi yìí kò sì nílò iná mànàmáná, nítorí náà, ẹni tí ó bá tún ìdérí rẹ̀ ṣe, ó ṣe é fún àwọn ará wa ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ń lo ìdérí yẹn. Kò tíì sí ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tí ó bi wọ́n léèrè bí ó ṣe rí lọ́wọ́ wọn.