Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan: kò sẹ́ni tó jí bátìrì yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A rí ohun tí ẹ kọ, a dúpẹ́.

Ẹ ní ẹ gbé ẹ̀rọ géèmù pinball yín, èyí tí bọ́ọ̀lù irin ń sá kiri lábẹ́ gíláàsì, Fish Tales ti 1992, géèmù ẹja pípa, wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ojúẹlẹ́gbà, a gba ₦95,000, ẹ wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ nílé yín ní Ìkòyí, ẹ bá ilé bátìrì lófìfo. Ẹ ní a yọ ọ́ tà. Bátìrì AA mẹ́ta! Èmi tí mo ń gbé ẹ̀rọ géèmù tó wúwo ju màlúù lọ wọlé gbé e jáde, bátìrì rìmóòtù ni mo wá fẹ́ jí?

Ilé bátìrì ṣófo lóòótọ́. Ohun tí ẹ sanwó fún gan-an nìyẹn.

Kó yé àwọn tó ń kà á. Irú ẹ̀rọ yìí ní áísì kan tó ń rántí nǹkan fún un: máàkì tó ga jù, iye owó tí wọ́n fi ń ta á, iye bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá pa iná, bátìrì AA mẹ́ta tó wà lórí bọ́ọ̀dù, fóltì 4.5, ni kì í jẹ́ kó gbàgbé. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé bátìrì alkaline máa ń yọ omi bó bá pẹ́, pàápàá nínú ooru Èkó yìí, omi náà sì ń jẹ irin. Ẹni tó bá ti fi bátìrì sílẹ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì fún ọdún méjì mọ ohun tí mò ń wí.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni ẹ̀rọ yín dé. Ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù fún wa ya fídíò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan screw kan. Ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ ni “FACTORY SETTINGS RESTORED”, pé ó ti padà sí bó ṣe wà nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìyẹn ni pé máàkì àbúrò yín tí ẹ ní a pa rẹ́ ti lọ kí ẹ̀rọ náà tó gun orí afárá. Bátìrì tí ẹ ní a jí, ó ti hu nǹkan funfun àti àwọ̀ ewé bíi búrẹ́dì tó bu. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fi ń fi ọtí kíkan funfun àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ bọ́ọ̀dù yẹn, nítorí ásíìdì díẹ̀ ló ń pa oró omi alkaline. Ó ṣàn án, ó gbẹ ẹ́, ó fi wáyà tín-ín-rín di ojú ọ̀nà mẹ́rin tó ti jẹ.

Ọjọ́ 7, èmi fúnra mi pè yín. Mo ní ẹ lè lo bátìrì lithium, kì í tètè yọ omi bíi ti alkaline. Mo ní a lè fi wáyà gbé ilé bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù, ká so ó mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, tó bá yọ omi, kó yọ ọ́ síbẹ̀. Tàbí ká yọ áísì náà, ká fi NVRAM rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò nílò bátìrì rárá láti rántí nǹkan. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi: “Èyí tí n kò ní ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ láéláé ni kí ẹ fi sí i.” NVRAM la wá fi sí i, ìdí nìyẹn tí ilé bátìrì fi ṣófo. Ẹ̀yin náà lẹ wá ṣí i lọ́jọ́ kejì tó délé.

Ẹ ní ẹnì kan ní Àlàbá sọ pé kapásítọ̀ ₦5,000 ì bá ṣe é. Kapásítọ̀ ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀ ni. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún mi pé ẹ máa ń lo oṣù mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́?

Ti aago: òótọ́ ni, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á ni aago inú rẹ̀ ń padà sẹ́yìn, nítorí bátìrì yẹn ló ń gbé aago náà rìn, NVRAM kò sì ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó wà lórí rìsíìtì, ìlà kẹta, ìbuwọ́lù yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ̀ ń fi pẹja, aago kí lẹ fẹ́ wò lára ẹ̀?

A fi ọjọ́ mẹ́jọ pẹ́. Ẹ má bínú. Ti gíláàsì tó ha, èmi ò rí i nínú fídíò ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n fídíò náà ṣókùnkùn díẹ̀.

Bí aago bá jẹ yín lógún tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì la fi áísì náà lé, kò ní ná wa ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti dá ti àtijọ́ padà. A ó so ilé bátìrì mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí, n kò ní gba kọ́bọ̀, títí kan owó ọkọ̀ àti ti àwọn tó máa gbé e. Ẹni bá bi mí, màá ní kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bátìrì AA mẹ́ta tuntun, nínú páálí rẹ̀, ti wà lórí káńtà wa pẹ̀lú orúkọ yín láti àárọ̀ àná. Ẹ rán dírébà wá gbà á. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín lè nílò rẹ̀.