Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ ní Àríwá, Ẹ Gba Ìtàn Ìdílé Sílẹ̀

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kubwa tàbí Gwagwalada ní Abuja níbí, bó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ torí iṣẹ́ ìjọba, ìlú bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi í ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀: agboolé wo? Ọmọ á sáré pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá á ní kó mú sùúrù, kí òun bi ẹ̀gbọ́n òun ní Jos. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà láyé lónìí. Lọ́dún mélòó kan sí i ńkọ́?

Lójú tiwa, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ló yẹ kó gba iṣẹ́ kíkọ ìtàn ìdílé sílẹ̀ yìí ṣe. Wọ́n pọ̀ lọ súà ní Abuja: ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Okun, oníkálùkù pẹ̀lú alága, akọ̀wé, akápò àti aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn sin òkú, wọ́n ń bá ara wọn ṣe ìnáwó, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Alága wo ni kò mọ òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀? Àmọ́ ẹ béèrè ìwé tí wọ́n kọ ìran àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí, ìwé owó oṣù ni wọ́n máa gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kánjú lọ́dọ̀ wa níbí ju ilé lọ. Reluwé dé Kano láàárín 1911 sí 1912, ó sì kó àwọn oníṣòwò Yorùbá wá sí Minna, Kaduna, Zaria àti Sabon Gari Kano; àwọn mìíràn wá ìwakùsà lọ sí Jos. Nígbà tí ìjọba kó olú ìlú kúrò ní Èkó wá sí Abuja ní 1991, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà lára àwọn tó wá fìdí kalẹ̀ síbí. Fún ọmọ irú wọn, Kaduna ni "ilé bàbá àgbà". Láàárín ìrìn náà, rògbòdìyàn 1966 ṣẹlẹ̀, ti Kaduna ṣẹlẹ̀ ní 2000, ti Jos ní 2001. Ilé tó bá jóná, àpótí ìwé inú rẹ̀ náà bá a lọ.

Ìwé díẹ̀ ṣì kù. Ẹ̀ka National Archives tó wà ní Kaduna ló ń tọ́jú ìwé ìjọba amúnisìn Àríwá. Akọ̀wé ayé ìgbà náà a máa kọ orúkọ bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ, kí ẹni tó ń wá Láwàní má ṣe fojú fo Lawal. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé Ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbí, nítorí náà ìwé ìgbéyàwó ìjọ yẹ ní yíyẹ̀ wò. Òfin tí a ń lò báyìí, tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan káàkiri Nàìjíríà, 1992 ló jáde. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù ni ọ̀pọ̀ àgbà ní.

Ẹnu àgbà ni ìṣura gan-an wà, bí a bá mọ̀ ọ́n bi. Ẹni tó bá bi màmá àgbà pé "ta ni bàbá bàbá yín?" lè gba orúkọ kan péré, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Kí ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe pín ogún. Ìdí-igi mélòó, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ló gba? Ìyàwó wo ló bí taa, ta ló rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ? Kíá ni orúkọ àwọn ìyàwó ilé máa jáde, àwọn obìnrin tí ìwé kankan kò kọ, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti wá. Lẹ́yìn náà kó ní kí wọ́n fi oríkì kí òun. Bí màmá bá ti dé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", ọmọ tó sọ ilé nù ti rí ọ̀nà. Èèwọ̀ ìdílé àti ilà ojú náà ń tọ́ka.

Àwọn kan máa ní a fẹ́ tú àṣírí. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ìtànjẹ: ìdílé mìíràn ní ẹrú tàbí ìwọ̀fà nínú ìtàn rẹ̀, òmíràn ń du oyè lọ́wọ́. Nítorí náà, ìdílé ni kó ni ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní kí a pa mọ́, kí ẹgbẹ́ pa á mọ́, kó má ṣe dé Facebook. Ṣùgbọ́n ká torí oyè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣègbé, a kò fara mọ́ ọn.

Àwọn ẹlòmíràn kò kúkú dúró dè wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ ìtàn ìdílé wà káàkiri àdúgbò, ọmọ ẹgbẹ́ ń lọ sí itẹ́ òkú láti da ohun tó wà lára sàréè kọ. Àjọ ìtàn ìdílé FamilySearch, tí ìjọ kan láti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ń gba ìtàn ìran lẹ́nu àwọn àgbà nílẹ̀ Áfíríkà.

Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀, kó da àwọn ìwé Kaduna sórí kọ̀ǹpútà, kó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún mẹ̀kúnnù láti wò. Ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn káwọ́ gbera. Kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ yan ènìyàn mẹ́ta, kí wọ́n yọ owó ọkọ̀ wọn nínú owó aṣọ ẹgbẹ́. Kí ọ̀kan gbọ́ Haúsá dáadáa, torí àwọn aládùúgbò àtijọ́ ní Kano àti Zaria náà ní ohun tí wọ́n mọ̀. Kí obìnrin wà níbẹ̀, ẹni tó mọ oríkì. Ilé ọmọ ẹgbẹ́ tó dàgbà jù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.