Wọn ò bu ẹnu àtẹ́ lu Grim Fandango o
Ẹ̀yin tèmi, mẹ́sééjì kan ń lọ káàkiri pé àwọn tó ń yẹ géèmù wò bu ẹnu àtẹ́ lu géèmù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Grim Fandango nígbà tó jáde lọ́dún 1998, pé ìyẹn ni ò jẹ́ kó tà. Kì í ṣòótọ́ o. Wọ́n yìn ín gan-an ni, GameSpot, ìkànnì ìròyìn géèmù, tiẹ̀ fi ṣe géèmù ọdún yẹn. Manny, ẹni tá a fi ń ṣeré nínú ẹ̀, tó ń ta ìrìnàjò fún àwọn òkú, ta ni ò ní rẹ́rìn-ín! Ọjà ni ò yá. Ohun táwọn kan ráhùn sí ni pé kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń darí ẹ̀, máòsì ò ṣiṣẹ́ àfìgbà tí àtúnṣe ẹ̀ jáde ní 2015. Ẹ wo Metacritic, ìkànnì tó ń ṣàkópọ̀ máàkì àwọn tó ń yẹ géèmù wò, fúnra yín, 94 nínú 100 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.