Àtúnṣe: Ti ọdún 2007 kọ́ ni àkọ́kọ́
Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé láti ìgbà tí John Bonham, onílù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Led Zeppelin, ti kú ní 1980, ẹgbẹ́ náà ò tún jọ ṣeré mọ́ àfi ní London lọ́dún 2007. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣeré ní Live Aid, eré ìkówójọ fún àwọn tí ìyàn mú ní Ethiopia, ní Philadelphia ní 1985. Ó bà mí nínú jẹ́ láti sọ ọ́, eré náà ò dùn: ohùn Robert Plant há, gìtá Jimmy Page ò bára mu. Àwọn fúnra wọn ò jẹ́ kí wọ́n fi í sínú DVD Live Aid tó jáde ní 2004. Wọ́n tún gbìyànjú ní New York ní 1988, Jason ọmọ Bonham ló lùlù. Jason yìí náà ló lùlù ní 2007. Ìgbáradì gidi ló mú tọ̀tẹ̀ yìí dùn, wọ́n tilẹ̀ rẹ ohùn àwọn orin kan sílẹ̀ fún ọ̀fun Plant.